Ríìmù Kẹta

Lọ́yà Akérélé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Igbóṣeré,
yọ awò ojú rẹ̀, ó fi táì nù ún.
"Kí la fẹ́ pè é níwájú adájọ́?
Ṣé ìwé lo kọ ni, àbí ẹ̀rọ lo ṣe?
Bó bá jẹ́ ìwé, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan la ó ṣọ́;
ẹni tó bá fi ẹnu tirẹ̀ sọ ohun kan náà ti yọ.
Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ, ọgbọ́n náà gan-an la ó tì mọ́lé."

Mo wo ọwọ́ mi.
Òru ni mo kọ ọ́, ní Yábàá,
lẹ́yìn tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá dákẹ́:
kóòdù tí ń bá àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ṣírò bébà,
iye tí wọn ó gé, iye tí yóò ṣòfò.
Ó ṣeé kà bí ìwé. Ó ń gé nǹkan bí ọ̀bẹ.
Rántíolú, tí a jọ ń jẹ gúgúrú nínú abọ́ kan,
ṣe àdàkọ rẹ̀, ó yí ojú rẹ̀ láti búlúù sí àwọ̀ ewé,
ó ń tà á ní Ìkẹjà.

Bàbá mi to lẹ́tà òjé fún ọdún mọ́kànlélógún.
Ìka rẹ̀ dúdú wọ pósí.
Ó ní kò sẹ́ni tó ni "a", kò sẹ́ni tó ni "b",
ṣùgbọ́n ẹ má da àtẹ tí òun bá tò nù.
Èmi náà ńkọ́? Ta ló kọ́ mi níṣẹ́?
Àjèjì kan tó kọ tirẹ̀ sílẹ̀ lófẹ̀ẹ́.
N kò sanwó fún un. N kò tilẹ̀ kí i.
Ká ní wọ́n ti ọgbọ́n mọ́lé nígbà náà,
ibo ni ǹ bá gbà wọlé?

"Ẹ̀rí dà?"
Mo tẹ bébà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé ẹyọ kan
sínú tèmi, sínú ti Rántíolú.
Ríìmù méjì ló yẹ. Àwọn méjèèjì ka mẹ́ta.
Àṣìṣe mi nìyẹn, ti òru tí ibà mú mi.

Ìṣirò tó tọ̀nà, ẹnikẹ́ni lè dé ibẹ̀.
Ṣùgbọ́n ta ni ìbá ṣìnà gba ibi tí mo gbà
bí kò ṣe ẹni tó ń tẹ ojú ẹsẹ̀ mi?

Lọ́yà rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀.
Èmi ń ro ti Àláàjì Múfútáù atẹ̀wé
tó ti ń ra ríìmù kan lé láti èṣín
nítorí mi.
Mo ní kí n lọ tún un ṣe lálẹ́ yìí.
Lọ́yà ní rárá,
ó di ìgbà tí ẹjọ́ bá parí.