Ta Ni Yóò Ru Epo Àtùpà?

Èmi ni mo ń fi ọ̀dà funfun fa ìlà sórí pápá,
ọgọ́rùn-ún yáàdì, láti góòlù dé góòlù,
kí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó fò lọ́jọ́ Sátidé.
Èmi náà ni mo ń ya àmì ẹgbẹ́ wa sórí koríko:
orí ẹfọ̀n, àgbàdo mẹ́jọ yí i ká,
àgbàdo kan fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kan.
Ọdún kọkànlá rèé. Mo lè yà á nínú òkùnkùn.

Lọ́jọ́ Túsìdeè wọ́n pe gbogbo wa sí gbọ̀ngàn.
Odò Platte ti dì gbagidi níta.
Ààrẹ Lindqvist gbé àwòrán ilẹ̀ kọ́ ara ògiri.
Ó ní ká dúró ti àwọn ará ìtòsí,
àwọn alágbàdo mẹ́jọ tó ti ku márùn-ún,
torí mẹ́ta ti kó ẹrù wọn lọ lóru;
tàbí ká wọ ẹgbẹ́ ńlá etí òkun,
níbi tí tẹlifíṣọ̀n ti ń sanwó kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n pe iye owó náà. Ẹnu ò gbà á.
Tolliver tó ń ta katakata pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.
Kóòṣì Mayhew ò pàtẹ́wọ́. Ó ń ka ìka:
wákàtí mẹ́rin nínú bàálù ní àlọ,
mẹ́rin ní àbọ̀, ìdánwò kẹ́mísírì láàárọ̀ Mọ́ńdè.
“Àwọn ọmọ mi ò ní ìyẹ́,” ló wí, ló bá jókòó.

Òwe méjì ń bára wọn jà nínú mi.
Ọ̀kan ní bí a bá pẹ́ lórí imí,
eṣinkéṣin ní í bá ni níbẹ̀.
Èkejì ní ẹyẹ tó bá fara wé igún,
ẹ̀yìn àdògán ni yóò sùn.
Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kó borí.

Ṣùgbọ́n Ardell ńkọ́?
Ardell, ogójì máìlì péré,
tí a ò fẹ́ràn, tí a ò sì lè ṣe aláìní.
Àtùpà réluwéè kan ń bẹ láàárín àwa méjèèjì,
gíláàsì rẹ̀ pupa, ó ti sán létí.
Ẹni tó bá borí ló ń gbé e lọ sílé;
ẹni tó bá pàdánù ló ń ru epo wá lóṣooṣù,
gálọ́ọ̀nù kan, kí iná má baà kú títí dọdún.
Ọdún méje ni mo ti ń ru epo lọ sí Ardell.
Verna Stroud ló ń gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu géètì;
á bu kọfí fún mi, á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa,
á wá béèrè ìyá mi ní Ìgbàjọ.
Nígbà tí ìyá mi kú,
páì ápù tiẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà wa,
ó ṣì gbóná.

Mo nawọ́ sókè, èmi afàlà:
“Ta ni yóò ru epo àtùpà?”
Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀ nílé òkú.
Tolliver ní, “A ó ra oníbátìrì fún wọn.”
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìbò.
Mẹ́jọ sí márùn-ún: etí òkun.

Ní oṣù kẹta ni àmì tuntun dé nínú páálí:
ìgbì aláwọ̀ búlúù, ẹyẹ funfun kan lókè rẹ̀,
fún àwa tí ojú fèrèsé wa ò rí ju àgbàdo lọ.
Mo fi ọ̀dà tútù bo ẹfọ̀n mọ́lẹ̀.
Òjò rọ̀, ìwo rẹ̀ kan yọ.
Mo tún bò ó.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, mo ra gálọ́ọ̀nù epo kan.
Kò sẹ́ni tó rán mi.
Ọ̀nà Ardell ò fi bẹ́ẹ̀ kún lárọ̀ yẹn,
Verna sì ti ń ṣí géètì, ó ń pariwo pé mo pẹ́.