Kẹ̀kẹ́ Omi

Òdòmẹ̀ta: létí àlejò, ó dún bí odò mẹ́ta.
Ẹ wá wò wá lóṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ ti lá ilẹ̀ gbẹ tán.
Ẹ ó rí erùpẹ̀ pupa, ẹ ó rí ewúrẹ́ tó ń lá ìdí ìkòkò,
ẹ ó rí bídọ́ọ̀nù òfìfo mẹ́tàdínlógójì tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́
níwájú pọ́ǹpù, bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de agogo.
Tiwa ni aláwọ̀ ìyeyè yẹn, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ FALI sí lẹ́yìn.
Fàlílátù ni mí.
Ọdún keje rèé tí bídọ́ọ̀nù yẹn ti ń jẹ́ orúkọ mi.

Aago mẹ́rin òru ni mo ń jí.
Omi wa jìn. Àwọn tó gbẹ́ ẹ ka ọ̀pá irin títí kíkà fi sú wọn.
Kẹ̀kẹ́ irin ńlá kan ló ń fà á wá sókè,
ẹni méjì ní í yí i, ọ̀kan ń fà, ọ̀kan ń tì,
títí apá á fi gbóná bí ẹni pé iná ń jó nínú ẹran ara.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni,
àfi lọ́jọ́ tí Tíṣà Olúbíyìí, tó ń ti Kétu gun alùpùpù wá,
ya òbìrìkìtì kan sójú pátákó, tó ní:
"Sẹ́ẹ̀lì nìyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sùn sórí tábìlì, ẹ jí,
iná ń jó lára yín."
Ó ní inú ohun kéréje tí ojú lásán ò rí yìí,
ààrò wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹyọ kan:
ẹ̀kọ tá a jẹ láàárọ̀ ni igi ìdáná,
èémí tá a fà sínú ló ń fẹ́ iná náà.
Ó tún ya kẹ̀kẹ́ kan, tó kéré ju kékeré lọ.
Àwọn nǹkan tíntìntín wọ́ jọ sẹ́yìn ògiri, wọ́n ń ti ara wọn,
wọ́n ń wá ojú ihò kan ṣoṣo tí wọn yóò gbà kọjá;
bí wọ́n ti ń kọjá ni kẹ̀kẹ́ ń yí,
bí kẹ̀kẹ́ ti ń yí ló ń rọ owó tí ara ń ná.
Ẹ̀rín pa mí.
"Tíṣà, ṣé àwọn náà ń san fráǹkì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n?"
Kíláàsì hó yèè. Òun ò bínú.
Ó ní wọ́n ń san. Ó ní kò sóhun tó ń yí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó wá sọ èyí tí kò kúrò lọ́kàn mi:
bí iná yẹn bá jó tán, kò ní eérú.
Èéfín rẹ̀ là ń mí síta.
Ìyókù, omi ni.

Mo sáré gbé e délé fún Ìyá Àgbà,
ẹni tó ń fi ife kan ṣanwọ́,
tó sì ń da ìṣanwọ́ náà sídìí ata.
Mo ní, "Ìyá, kànga wà nínú wa."
"Mélòó ló ń sun lóòjọ́?"
Mo ní bí ife kan.
"Oòrùn ńkọ́, mélòó ló ń gbà lára ẹni?"
Mi ò fèsì.
Ó na ìka sí ewé ata tó ti ká lọ́sàn-án gangan.
"Ìyẹn mọ ìṣirò jù yín lọ.
Bó bá yanu, omi á sá lọ.
Bó bá panu dé, kò ní rí oúnjẹ sè.
Wò ó, ebi ló yàn.
Gbé bídọ́ọ̀nù rẹ."

Òkùnkùn ṣì wà. Mùfútáù dì í mú lápá kejì, oorun lójú rẹ̀.
Mo fà, ó tì.
Àìmọye kẹ̀kẹ́ ló ń yí nínú apá mi
kí ẹyọ kan yìí tó yí.
Pọ́ǹpù wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé tiyín sẹ́yìn díẹ̀,
FALI ló kàn.