Ọjọ́ Kẹjọ ní Òkèlele

Yàrá ìwé ni mo wà ní ilé ìgbẹ̀bí Òkèlele,
fèrèsé kan, fáànù tí apá rẹ̀ kan ti kán,
kọ̀ǹpútà tí ọsibítù ńlá ti fẹ̀yìn rẹ̀ tì.
Nọ́ọ̀sì Àwáwù ní: "Mínnátù, ìwọ lo mọ̀wé,
ṣé kò lè máa bá wa ka ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni?"

Mo kọ ọ́ ní ìlà mọ́kànlá.
Àṣẹ kan wà tí à ń pè ní déètì.
Ní kó sọ̀rọ̀, yóò tú gbogbo rẹ̀ síta bí olófòófó,
àfi kí o fi àmì há a lẹ́nu:
òdo méjì, igi tó dábùú láàárín wọn,
lẹ́tà kan lẹ́yìn rẹ̀.
m kékeré ni oṣù, M ńlá ni ìṣẹ́jú.
Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò
yóò dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ ọwọ́.
Mo dọ̀bálẹ̀.
Ọmọ àkọ́kọ́ tó gba káàdì mi,
oṣù kẹtàdínláàádọ́ta ni wọ́n bí i.
Nọ́ọ̀sì Àwáwù wo káàdì, ó wo mí:
"Erin gan-an kì í lóyún tó báyìí."

Mo tún un ṣe. Ọmọ mẹ́ta wá,
òru ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá.
Mo ní kó fi ọjọ́ mẹ́jọ kún ọjọ́ ìbí.
Áfáà dé, ó bá ilé ní gbígbá.
Wọ́n ní Mínnátù kú iṣẹ́. Orí mi wú.

Ìyàwó Mùnírù wẹ́dà wá bí tirẹ̀
ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán gangan,
oòrùn ń yan páànù bí ẹ̀pà.
Káàdì mi ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Áfáà yọ, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́,
Mùnírù ń jó irin ní ṣọ́ọ̀bù,
àgbò ṣì ń jẹ èèpo iṣu ní káárà.
"Ta ló kọ́ yín ní oǹkà?"

Èmi ni.
Mo jókòó, mo ka ìka.
Kọ̀ǹpútà a máa kúrò nínú òní kó tó sọ pé ení,
àwa jókòó sínú òní, a ti ní ọ̀kan lọ́wọ́.
Ìjẹta wa, ọjọ́ mẹ́ta. Tirẹ̀, méjì.
Ọrún wa, márùn-ún. Tirẹ̀, mẹ́rin.
Ta ló jí ọjọ́ kan gbé láàárín wa?

Àwọn ọmọ òru ńkọ́, tí tiwọn ṣe déédéé?
Ládàánì Sùmọ́nù ló rẹ́rìn-ín:
"Oòrùn Ọjọ́bọ̀ bá ti wọ̀, Jímọ̀ ti wọlé.
Ọmọ ẹ̀yìn Mọ̀gàríbì, ọmọ ọ̀la ni."
Áà.
Àṣìṣe méjì ló pàdé lójú ọ̀nà òru,
wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n di òótọ́.

Mo sọ mẹ́jọ di méje.
Mo ní bí aago bá ti lu méje alẹ́, kó fi ọ̀kan lé e.
Ládàánì ní: "Oòrùn ò so aago mọ́ ọwọ́.
Nígbà ọyẹ́, eré ló ń sá wọlé."

Ìrọ̀lẹ́ àná, iná lọ.
Bátìrì inú kọ̀ǹpútà ti kú láti ọjọ́ tó ti pẹ́.
Nígbà tí iná dé, ó ní ọdún 1970 la wà,
ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, aago kan òru.
Wọn ò tíì bí ìyá mi.
"Nọ́ọ̀sì, kí ni aago ọwọ́ yín wí?"
"Ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sáré."
Mo yọ mẹ́rin, mo tẹ ìyókù mọ́ ọn lórí,
gbogbo wa padà wá sáyé.

Ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn yẹn a ti bí ọmọbìnrin kan,
láàárín ìgbà tí Ládàánì wúkọ́
àti ìgbà tó pe ìrun.
Ọmọ òní ni, àbí ọmọ ọ̀la?
Mo fi àlàfo sílẹ̀ lórí káàdì.
Nọ́ọ̀sì Àwáwù mú bírò, ó wo bàbá ọmọ.
Bàbá ọmọ yọ fìlà, ó rọra sún mọ́ wa:
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀kan kún un.
Owó àgbò ò tíì pé."