Ìwé Gúrúdì

Òjò ló kó wa pọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́,
èmi, Mudaṣírù tó ń tún rédíò ṣe,
àti Wéfà, nọ́ọ̀sì ọmọ Ègùn
tí kì í pe Àjàṣẹ́ ní nǹkan mìíràn ju Họ̀gbónù lọ.
Ó ya gúrúdì ẹyọ kan sí mẹ́ta, ó fún wa.
"Èyí ló dára jù ní gbogbo ìlú," ó wí.
Mudaṣírù rún un lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí:
"Èyí? Pákó tí wọ́n fi àgbọn kùn lára."
Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.
Òjò dá, ìjà ò dá.

Ní gbogbo Sátidé, kí oòrùn tó mú,
àwa mẹ́ta lórí alùpùpù kan ṣoṣo,
Wéfà láàárín, ìwé àjákù ọmọ rẹ̀ lábẹ́ abíyá.
A ti fa ìlà mẹ́ta sí i:
ìró,
òórùn,
ohun tó kù lẹ́nu lẹ́yìn tí ó bá tán.
Ìró ṣe kókó. Gúrúdì tí kò bá ké nígbà tí eyín kàn án,
ẹ̀bà ló ń díbọ́n.
A dé Wàndó. A dé Jàsìn.
A dé Àjárá lọ́jọ́ ọjà, ekuru kun ìpéǹpéjú wa;
bàbá kan tà wá ní èyí tó ń rùn bí bẹntiróòlù,
torí inú kẹ́ẹ̀gì tí ó fi ń ta epo ni ó kó o sí.
Òdo. Wéfà kọ ọ́ tóbi bí ẹnu ìkòkò.
Ìyá arúgbó kan létí ọ̀sà kọ̀, kò gba owó wa,
ó ní ká kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ná.
A jẹ ẹ́. A dúpẹ́. A kúnlẹ̀ pàápàá.
Ṣùgbọ́n a kì í purọ́ nínú ìwé: méjì nínú mẹ́wàá.

Láàárín gúrúdì kan sí èkejì ni ọ̀rọ̀ ń bọ́.
Níbẹ̀ ni a ti gbọ́ pé ìyàwó Mudaṣírù ti lọ sí Gàbọ́ọ̀nù
àti pé kò ní padà.
Níbẹ̀ ni mo ti sọ ọ́, ẹnu mi kún fún àgbọn,
ohun tí n kò tíì sọ fún ìyá mi,
pé láti ìgbà Àwẹ̀ ni wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́.
Kò sẹ́ni tó kí mi kú ọ̀rọ̀.
Wéfà kàn ti èyí tó jóná létí sí mi lọ́wọ́,
ó mọ̀ pé òun ni mo fẹ́ràn.

Sátidé keje. Ilé Agudà àtijọ́ kan,
ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.
Màmá Filisiánà yọ páànù kan nínú ààrò amọ̀.
Mo fi sẹ́nu.
Ó ké bí ẹ̀ka gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ olè,
lẹ́yìn náà ó rọ̀, ó yọ́, àgbọn dé,
iyọ̀ díẹ̀ ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí ọmọ tó ń tọ ìyá rẹ̀ lọ ọjà.
Mudaṣírù ń wo bàtà rẹ̀.
Wéfà ṣí ìwé, ó béèrè iye.
"Mẹ́rin," ni mo wí.
"Mẹ́rin," ni Mudaṣírù wí.
"Mẹ́ta," ni Wéfà kọ. "Ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù."
A gun alùpùpù, a tún ń wá a lọ.

Ọdún mẹ́rìnlá. Lánàá, níbi tí mo ti ń wá ìwé ilẹ̀,
mo rí ìwé náà, eku ti jẹ ẹ́ létí,
bóyá nítorí òróró.
Ojú ewé keje: mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́ta,
àti àbàwọ́n ìka tó fẹ̀
ju ti gbogbo ojú ewé yòókù lọ.
Mo pe Wéfà. Mo ní, "Sátidé keje."
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ omi tó ń kán sínú báàfù rẹ̀.
Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde:
"Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo padà lọ síbẹ̀.
Mudaṣírù ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, èérún gúrúdì ní irùngbọ̀n.
Ó ní rédíò màmá ni òun wá tún ṣe."

N kò sọ fún un
pé èmi ti lọ láàárọ̀.