Èmi Ni Mo Ń Tú Okùn

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń so okùn ọkọ̀ ojú omi
mọ́ èbúté erékùṣù wa, tí mo sì ń tú u.
Mo ti tú u fún ìyàwó tuntun. Mo ti tú u fún òkú nínú pósí,
fún abo màlúù kan tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pé òun ò wọkọ̀.
Okùn ò mọ ẹni tó ń lọ.
Ọwọ́ mi náà kì í béèrè.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, aago méjì ọ̀sán,
Osla ni.

Láti oṣù kìíní ni lẹ́tà ti dé. Yunifásítì Aberdeen ní àwọn gbà á,
bó bá lè mú máàkì kẹ́mísírì wá.
Bó bá lè.
Oṣù méje gbáko la fi gbé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn,
ó ń bá wa jẹ ọ̀dùnkún, ó ń bá wa yáná,
bí àlejò tí kò sọ ọjọ́ tí yóò lọ.
Lọ́jọ́ tí èsì jáde, orí òkè lẹ́yìn ilé ló gbé fóònù lọ,
níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dáa.
Mo ń wò ó látojú fèrèsé. Kò fò sókè. Ńṣe ló jókòó sínú koríko.
Mo ní, ó parí.
Àṣé ayọ̀ náà a máa wúwo, a máa tẹ ènìyàn jókòó.

Láti ìgbà náà ni pálọ̀ wa ti di ìsọ̀.
Ìkòkò kan. Aṣọ ibùsùn. Fọ́tò pélébé tí kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín.
Ó fi ọ̀dà èékánná pupa kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìdí ìkòkò,
ó ní wọ́n á fẹ́ jí i.
Mo ní, àwọn ta ni?
Ó ní, àwọn tí n ò tíì mọ̀.

Baabie, ìyá mi, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún,
ń hun ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn fún un.
A sọ fún un pé yàrá ọ̀hún ní ẹ̀rọ amúlégbóná.
Ó ní, ooru tí wọ́n ń sanwó fún kì í dé ọmọ ìka ẹsẹ̀.
Alaalẹ́ ló ń béèrè: kí lo fẹ́ lọ kọ́ níbẹ̀?
"Ìmọ̀ àpáta, Màmá."
"Ṣé àpáta ti tán níbí ni?"

Owó yàrá ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.
Mo ta ọkọ̀ kékeré tí mo fi ń pẹja. Mo sọ fún Osla pé ó ń jò.
Kò jò.

Lánàá mo bá ìwé kan lára fíríìjì, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́:
ọjọ́ tí Màmá ń lo oògùn funfun, ọjọ́ tó ń lo aláwọ̀ ewé,
bí a ṣe ń ka mítà iná,
ohun tí mo máa tẹ̀ lórí fóònù kí n tó lè rí ojú òun.
Mo dúró síbẹ̀ títí tíì fi tutù lọ́wọ́ mi.
Mo ti rò pé òun là ń múra fún.

Ọ̀gá ọkọ̀ ní kí n gba ìsinmi ní Sátidé, kí ẹlòmíì tú okùn.
Mo kọ̀.
Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni; èmi náà á wà nínú ọkọ̀.
Mo máa so ó ní èbúté kejì, màá gbé báàgì rẹ̀ sí bọ́ọ̀sì Lerwick,
ọkọ̀ ńlá á gbà á níbẹ̀ lálẹ́.
Ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ, mo ti ń fi kọ́ra nídìí ẹ̀rọ, níbi tí ariwo wà.

Ìbọ̀sẹ̀ kan ti parí. Ìkejì ò tíì ju kókósẹ̀ lọ,
Baabie sì ti gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó ní ọwọ́ ń ro òun.
Ọwọ́ kankan ò ro ó.
Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ìkejì,
kó padà wá gbà á nígbà Kérésìmesì.