Ojú Kẹta

Ojú mẹ́rin ni sítóòfù Ràfátù ní,
méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, bí ìjókòó ọkọ̀.
Láti ọjọ́ tí a ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Òkè-Sopẹ́n
n ò tan án rí. Oúnjẹ ni mo ń jẹ.

Nígbà tó wá di pé èmi nìkan ló kù nílé,
mo ṣáná sí ojú kẹta, ti ọwọ́ òsì lẹ́yìn.
Iná ibẹ̀ ò rí bí aró. Ó pọ́n rúsúrúsú,
ó ń jó bí ahọ́n ẹni tó ń parọ́,
ó kun ìdí ìkòkò mi ní dúdú.
Mo yí i wálẹ̀, ó kú. Mo yí i sókè, ó bú: fùú!
Bẹ́ẹ̀ ìkókoré ò fẹ́ iná oníjàgídíjàgan;
jẹ́jẹ́ ni ewùrà ń jinná, bí ọmọ tí oorun ń gbé lọ.

Mo ní rọ́bà gáàsì ni. Mo ra mítà kan ààbọ̀.
Mo po ọṣẹ mọ́ omi, mo fi kàn-ìn-kàn-ìn ra gbogbo oríkèé rẹ̀,
mo bẹ̀rẹ̀, mo ń wò bóyá ìfófó yóò wú.
Kò wú. Rọ́bà àtijọ́ ò ṣe nǹkan kan.
Owó mi ló jò.
Mo ní a jẹ́ pé rẹ́gúlétọ̀ ni. Mo pààrọ̀ ìyẹn náà.
Ahọ́n iná ṣì ń parọ́.

Ni mo bá ránṣẹ́ pe Mùdáṣírù,
tó ń tún fíríìjì ṣe lẹ́bàá Àtìkorì.
Ó ní, "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ ti gáàsì ná."
Ó ṣí fìlà lórí ojú náà,
ó yọ jẹ́ẹ̀tì, idẹ kékeré bí èékánná ọmọ ọwọ́,
ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.
"Ẹ wo ihò yìí. Kò yẹ kó ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.
Ẹnì kan ti ń fi nǹkan tọ́ ọ, ó ti yanu."
Ta ni? Ó wò mí. Mo wo òde.

Ó fa nọ́ọ̀bù. Igi ìṣáná kan já bọ́,
òwú dúdú ni wọ́n fi wé e, kókó méjì.
Òwú tí ó fi ń ṣẹ́ etí ìró rẹ̀ ni.
"Ohun tí ìyá fi ń há a nìyí," ni Mùdáṣírù wí,
"kó má baà kọjá ibi tí iná ti ń rọlẹ̀."
Ọdún mélòó? N ò mọ̀.
Mo jẹ ìkókoré yẹn, mo lá ọwọ́, mo ní iyọ̀ ò tó.

Lọ́jọ́ kejì mo di jẹ́ẹ̀tì mọ́ áńkáṣíìfù, ó di Ìjẹ̀bú-Òdè.
Ní Òkè-Àjẹ, ọmọkùnrin àkọ́kọ́ ò tilẹ̀ tú u wò:
"Ẹ ra tuntun, Bàbá. Wọn ò ṣe irú èyí mọ́."
Èkejì mú ti Ṣáínà wá; ó wọlé, kò dì.
Ẹ̀kẹta béèrè nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn sítóòfù.
Kàn-ìn-kàn-ìn Ràfátù ti fọ nọ́ńbà yẹn lọ tipẹ́.

Lẹ́yìn Gárééjì Ìbàdàn ni mo ti bá Ìyáàfin Òṣínówò
láàárín òkú sítóòfù, ó ń jẹ ẹ̀pà.
Ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wọn ihò, ó mi orí,
ó da agolo kan sílẹ̀, ó ń ṣà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.
"Òun rèé. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ mọ́ o."
Mo fẹ́ sọ pé èmi kọ́.
Nọ́ọ̀bù dúdú ò sí; pupa ló ní.
Èmi, ọmọ Ìjẹ̀bú, mo sanwó, n ò ná an.

Lálẹ́, ojú kẹta là. Aró ni.
Mo yí i wálẹ̀, ó rọlẹ̀, kò kú.
Igi ìṣáná wà nínú agolo mílíìkì
pẹ̀lú rọ́bà tí kò ṣe nǹkan kan.
Mo ro ewùrà, ó dì kókó díẹ̀. Mo tọ́ ọ wò.
Iyọ̀ ò tó.
N ò wí.