Ẹni Tó Ń Gbè

Oṣù Kejì, ní Holyoke, yìnyín bo òpópónà Dwight,
omi kánáàlì dì, ẹyẹ ń rìn lórí rẹ̀.
Èmi ni mo ń ṣọ́ ilé ìfọṣọ lóru nígbà náà,
mo ń ṣẹ́ owó fún àwọn tó fẹ́ẹ́ fọṣọ,
mo ń yọ ìbọ̀sẹ̀ aláìlẹ́nìkejì kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ.

Ọmọ Puẹto Ríkò márùn-ún wọlé, etí wọn pọ́n bí ata.
Wọn ò gbé àpò aṣọ kankan dání.
Ìyá Yadiel ti lé wọn kúrò ní yàrá,
àlùfáà ti gba kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngán lọ́wọ́ wọn,
òtútù ò sì jẹ́ kí ẹnu ó là níta.
Mo ní, "Ta ló fẹ́ẹ́ fọ kí ni?"
Èyí tó kúrú jù nínú wọn, Neftalí,
ju owó wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀rọ kẹsàn-án,
ẹ̀rọ tó lárùn, tó máa ń lu ara rẹ̀ bó bá ń yí:
gbì-gbì-gbà. Gbì-gbì-gbà.
Ó gbé orin lé e lórí.

Èmi tí mo fẹ́ẹ́ sọ pé kí wọ́n jáde,
ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ mi.

Ó di alaalẹ́.
Yadiel ń lé, Wilmer àti Eliezer ń gbè,
Osvaldo ń jó lórí táìlì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.
Neftalí ò lè jó; ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ díẹ̀.
Ṣùgbọ́n òun ló ń pín ohùn fún wọn
bí ẹni ń pín ẹran Iléyá, tí ẹnì kan ò bínú.
Ohùn tirẹ̀ wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀ bíi tòbí:
ojú kì í rí i, òun ló gbé ìró dúró.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ilé ìfọṣọ ni wọ́n wò. Wọ́n pera wọn ní Secadora,
ẹ̀rọ tí ń mú aṣọ gbẹ, lédè ìyá wọn.

Ẹ̀gbọ́n Wilmer fi fóònù ya wọ́n.
Kó tó di Ọjọ́ Àjíǹde, àwọn ọmọbìnrin ti ń wá
láti Springfield, láti Hartford,
wọ́n ń ju aṣọ tó mọ́ sínú omi
kí n má baà rídìí lé wọn.

Ọkùnrin kan ti Máyámì dé, bàtà funfun nínú ẹrẹ̀ yìnyín.
Ó wò wọ́n títí. Ó ní mẹ́rin ló bá àwòrán mu.
Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹsẹ̀.
Àwọn ìyá tọwọ́ bọ̀wé lórí tábìlì tí a fi ń káṣọ.
Ìyá Neftalí náà wà níbẹ̀, ó ń ká aṣọ ìnura kan,
ó tú u,
ó tún un ká.

Ẹ̀yin náà rí ìyókù: ọkọ̀ dúdú, iná,
pápá ìṣeré Orlando tó kún dẹ́nu,
eyín Osvaldo tí wọ́n tún tò,
Eliezer tí wọ́n ní kó máa jẹ́ Eli.
Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, àwọn bàbá wa ló wí bẹ́ẹ̀;
ìdajì òwe tó kù, n ò ní í pè é lé wọn lórí.

Neftalí ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán níbí báyìí.
Kò sí mọ́tò tí kò lè tú, kó tún un tò.
Ẹ̀rọ kẹsàn-án nìkan ni kò fọwọ́ kàn.

Lánàá, rédíò gbé orin yẹn jáde,
wọ́n ti fi ìlù kọ̀ǹpútà rọ́pò gbì-gbì-gbà.
Ó ń to ọṣẹ sórí pẹpẹ, ẹ̀yìn ló kọ sí mi.
N ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ pé òun ń ṣe é:
ètè rẹ̀ pa dé, ó ń gbè.
Obìnrin kan tó ń dúró de aṣọ ọmọ rẹ̀ gbójú sókè,
ó wo rédíò, ó wo Neftalí,
ó tún wo rédíò,
ó wá na dọ́là márùn-ún sí mi
pé kí n bá òun ṣẹ́ ẹ.